GoldenEye: Source, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbàgbé

Bọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló ni ẹ̀rọ géèmù Nintendo 64 tá a jọ ń lò ní Peckham, ní London, èmi ni mo sì kéré jù nínú àwa mẹ́rin tá a máa ń jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, pádì lọ́wọ́ kálukú, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tá a pín ojú ẹ̀ sí mẹ́rin. GoldenEye 007, géèmù ìbọn James Bond, là ń gbá. Ọdún 1997 ni Rare, àwọn ará England yẹn, gbé e jáde, apá téèyàn mẹ́rin ti ń yìnbọn mọ́ra wọn yẹn ò tiẹ̀ sí nínú ètò wọn tẹ́lẹ̀ o, ìgbà tíṣẹ́ ti fẹ́ parí ni Steve Ellis ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, òun gan-an la sì ń gbá ṣúlẹ̀.

Ìjà ibẹ̀ pọ̀! Ẹni tó bá mú Oddjob, ọ̀kan lára àwọn èèyàn inú géèmù náà, wàhálà dé nìyẹn, torí kúkúrú ni, ọta á kàn máa kọjá lókè orí ẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ́ ojú wo apá ẹlòmíì lórí tẹlifíṣọ̀n, a ó pariwo lé e lórí, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa là ń wò ó, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí.

Àwọn tó fẹ́ràn géèmù yìí ló wá kóra jọ ṣe GoldenEye: Source. Ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ Valve fi ṣe géèmù Half-Life 2 ni wọ́n fi tún apá ìjà yẹn kọ́ láti ilẹ̀, 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, August 2016 ni version 5.0 jáde, máàpù 25, ìyẹn àwọn ibi téèyàn ti ń jà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bá mi rò ó, ó lé lọ́dún mẹ́wàá lórí nǹkan tí wọn ò ní í rí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀!

Máàpù Facility ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ògiri tó máa ń rí bàìbàì nígbà yẹn ti wá ń dán, táìlì tóyẹ́lẹ́ẹ̀tì ń tàn yanran, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí mo mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti yà kọ́nà kí n tó rántí ibi tí mò ń lọ.

Ọwọ́ ló yàtọ̀. Lórí pádì, géèmù fúnra ẹ̀ máa ń bá ẹ darí ìbọn díẹ̀, máòsì kọ̀ǹpútà ni báyìí, ìwọ lo máa fojú sun ẹni tó o fẹ́ yìnbọn mọ́. Ìbọn Golden Gun ṣì ń pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé téèyàn bá sá pamọ́ báyìí, ó pamọ́ lóòótọ́, wàá kàn dúró síbi ògiri, wàá máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, àyà ẹ á máa já.

Sátidé tó kọjá, mo wà n'Íbàdàn, bọ̀dá wà ní Manchester, àwa méjì nìkan la wà lórí sáfà, a pera wa lórí WhatsApp ká lè máa gbóhùn ara wa. Nẹ́ẹ̀tì ń fà díẹ̀, mi ò kà á sí. Mo wá wọn títí mi ò rí wọn, mo wọ tóyẹ́lẹ́ẹ̀tì, bọ́ǹbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bú gbàù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní Peckham. Wọ́n pariwo orúkọ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe máa ń pariwo ẹ̀ nígbà yẹn.