Ọdún 2024: ọdún tí wáyà já lábẹ́ òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí mo fi ọdún 2024 ṣe, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ọjọ́ náà ni wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun, nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Áápù báǹkì kọ̀ kò ṣí. Àwọn ọmọ LAUTECH ní Under-G ń tan fóònù, wọ́n ń pa á.

Màmá pè mí láti ìsọ̀ POS wọn ní Takie. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ dúró gba ìkíni mi: “Àlàó, wáyà wo ló já nínú òkun tó wá há owó oníbàárà mi mọ́lẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́? Òkun wo ló wà níbí?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn kọ̀ǹpútà ní Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ará Èkó. Kò sí olóòtú tó bi mí ní ìbéèrè tó mú tó báyẹn rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá, mo sì kà á fún wọn.

Mo ní ọ̀rọ̀ tí fóònù ń bá báǹkì sọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé e gba inú okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó wà nínú wáyà náà. Báǹkì lè wà l'Ékòó, kí ẹ̀rọ tí áápù rẹ̀ gbára lé wà lókè òkun. Ìdí nìyẹn tí owó tó ń ti Takie lọ sí Sábó fi lè dúró de ohun tó wà lábẹ́ omi. Láti Portugal ni MainOne ti wá dé Èkó, nǹkan bí 7,000 kìlómítà, láti ọdún 2010. Ibi tó ti já jìn sísàlẹ̀ omi tó kìlómítà 3, nítorí náà ilé iṣẹ́ náà ní kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀. Ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló yẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ní láti wá orí okùn méjèèjì rí, kó fà wọ́n sókè, kí wọ́n tó lè so wọ́n pọ̀.

Màmá ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fáwọn oní-POS ẹgbẹ́ wọn. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń wọlé, tí mo sì ń kọ èsì ní Yorùbá títí dòní.

Oṣù yòókù sáré kọjá. Ní oṣù Keje, àtúnṣe kan tó ní àléébù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró kárí ayé. Mo kọ ọ́, iṣẹ́ ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Màmá lọ. Owó kajú ni wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, tí ẹ gbé oúnjẹ wá, tí ẹ bá wa jókòó di alẹ́, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn ò dákẹ́, mo sì dúpẹ́. Ọ̀kan bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé owó tí báǹkì ti yọ lọ́wọ́ oníbàárà, tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ òun, ọwọ́ ta ló wà? Mo ti ń wá ẹni tó mọ inú iṣẹ́ náà tí yóò là á yé mi. Bí ẹ̀mí bá wà, òun ni màá kọ́kọ́ kọ ní oṣù Kìn-ín-ní.