Ohun Tí Ìṣirò Àyípadà Jíìnì Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìṣirò wo bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún àbùdá nípasẹ̀ rẹ̀, lè dára kó má sì dúró.

Ìṣirò tí kò ka àkọsẹ̀bá sí ni mo kọ́kọ́ mọ̀, èyí tí ẹ̀dá tó bá fi díẹ̀ sàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fi ń borí nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ tí mo wá kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ẹ̀dá níkọ̀ọ̀kan, jíìnì rere náà ń pòórá léraléra. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀.

Ká ní láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ọmọ kan rọ́pò ara rẹ̀, àyípadà bá ẹyọ kan, tí iye ọmọ irú rẹ̀ wá di 1.05 bí a bá pín in káàkiri. Bí ọmọ bíbí bá tẹ̀lé òfin Poisson, ìyẹn ìlànà ìṣirò fún iye ìgbà tí ohun àkọsẹ̀bá ń ṣẹlẹ̀, bíi 35 nínú 100 irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi ọmọ kankan sílẹ̀, àyípadà náà á sì bá wọn kú ní ìran àkọ́kọ́. Onímọ̀ nípa jíìnì, J. B. S. Haldane, fi hàn ní 1927 pé ìṣeéṣe pé irú jíìnì bẹ́ẹ̀ yóò dúró kò ju bí ìlọ́po méjì àǹfààní rẹ̀ (0.05 tó fi ju 1 lọ) lọ, èyí tó jẹ́ bíi 10 nínú 100 níhìn-ín. Bí ó bá ti bí sí i tó 100, àkọsẹ̀bá kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí rẹ̀ mọ́, ìṣirò àtijọ́ mi á sì tọ̀nà.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Luria àti Delbrück, ní 1943 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n pín bakitéríà sínú ọ̀pọ̀ ìgò kékeré, wọ́n jẹ́ kó pọ̀ sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àwo tí fáírọ́ọ̀sì tó ń pa á kún inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àyípadà tó ń jẹ́ kí bakitéríà kan yè, iye tó yè láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò ní ẹyọ kan, àwọn mìíràn sì ní rẹpẹtẹ, nítorí pé àyípadà ti tètè wọ inú tiwọn kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni ìdáhùn wà. Ẹni tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó sì pín in, ti fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún dànù.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé àbájáde wá bá mi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dá ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí ètò yín ṣiṣẹ́ nígbà 1,000, kí ẹ sì mú gbogbo iye náà wá, títí kan àwọn tó já sí òfo.