Ẹ Yí Aṣọ Náà Sẹ́yìn: Ohun Tí Mo Kọ́ Níbi Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Aṣọ Ìrépé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí kọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣọ ìrépé tí a ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Aṣọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt ni mò ń wí: ìrépé tí a rán pọ̀ wà lókè, òwú títẹ́ wà láàárín, aṣọ kan gbalaja wà nísàlẹ̀, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra kí òwú má baà kó jọ sójú kan. Nígbà tí wọ́n tú àwọn tí wọ́n kó wá sórí tábìlì, àwọ̀ wọn ló gba ojú gbogbo wa, kálukú yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò. Ìyá tó ń kọ́ wa ò bá wa wí. Ó mú ọ̀kan tí wọn ò tíì fi òwú sí, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ibẹ̀ ni ká wò.

Ẹ̀yìn yẹn ni iṣẹ́ wà. Ojú aṣọ ló ń mú kó wu èèyàn í ṣe, ìyẹn náà dára, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń fi hàn bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ wo etí ìrán. Bí a bá ń rán bùbá, a máa ń fi etí sílẹ̀ kó tó nǹkan, kí oníbàárà tó bá sanra lè rí i tú. Nínú aṣọ ìrépé, mìlímítà 6 péré ni. Bí tiyín bá fi mìlímítà 1 jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ìrépé méjì ló ń pàdé lójú ìrán kan: mìlímítà 1 lọ lára èyí, 1 lọ lára ìyẹn, ó di 2. Ìrépé 10 tó tẹ̀ léra ní ojú ìrán 9. Mìlímítà 18 ti wọlé nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé sẹ̀ǹtímítà 2, bó ti wù kí ẹ fa ìlà náà tó, kò ní bá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, ẹ lẹ tépù mọ́ orí masíìnì, kó fi mìlímítà 6 jìnnà sí abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ẹ gé ìrépé mẹ́ta tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ rán wọn pọ̀, ẹ wọn ti àárín. Bí kò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.8, ẹ sún tépù yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan áyọ́ọ̀nù. Ẹ gbé e lé aṣọ, ẹ gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ, torí wíwọ́ ló ń fa aṣọ tí a gé ní ìdábùú gùn. Ẹ lọ etí ìrán ìlà kìíní sí ọ̀tún, ti ìlà kejì sí òsì. Tí ẹ bá gbé wọn léra, ibi tó wú lára ọ̀kan á kó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wú lára ìkejì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pàdé lójú kan. Ẹ fi àtàǹpàkò kàn án kí ẹ tó rán an. Bí ó bá wọra, ọwọ́ yín ò ní bá gegele kankan níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ, títí di òní.

Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e, pàápàá àdìrẹ aláró. Aró tó bá ṣàn sára funfun kì í tètè kúrò.

Ní ti àwòrán tí ẹ ó rán, ẹ̀yin tí ẹ wá láti Kétu àti Ṣábẹ ò ní láti jìnnà. Aṣọ eégún tí ẹ ń wò láti kékeré, ọ̀já lórí ọ̀já, tí ìdílé ń fi tuntun kún ti àtijọ́, ṣé ẹ ti wo etí rẹ̀ dáadáa rí? Pupa tí wọ́n gé ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn. (Ti eégún, ojú ni kí ẹ wò o, a kì í yí i sẹ́yìn. Awo ni.) Àwọn tó ń rán quilt náà ní etí eyín ayùn tiwọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ gbé pupa àti funfun onígun mẹ́rin tó dọ́gba kojú síra, ẹ fa ìlà láti igun dé igun, ẹ rán an ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà náà ní mìlímítà 6, kí ẹ wá gé e lórí ìlà. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí onígun mẹ́rin méjì tí ìdajì wọn pupa, tí ìdajì funfun; tí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀ léra, eyín ayùn yọ nìyẹn. Ẹ ti rán ìdábùú kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án, kò ráyè fà.

Wọ́n tún fi fọ́tò iṣẹ́ Harriet Powers, obìnrin kan tó ń rán quilt, hàn wá. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1837, ó sì kú lọ́dún 1910. Méjì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, ìkejì wà ní Boston. Ìtàn Bíbélì ló gé sí aṣọ, ó sì fi òru tí ìràwọ̀ já bọ́ bí òjò lọ́dún 1833 kún un. Àwọn onímọ̀ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wé aṣọ alárànmọ́ (àwòrán tí a gé, tí a rán mọ́ aṣọ) ti Abomey, olú ìlú àwọn ọba Dahomey àtijọ́, níbi tí ẹfọ̀n ti dúró fún Ọba Guézo, tí kìnnìún dúró fún Ọba Glèlè. Ọ̀nà rírán an rèé: ẹ gé àwòrán, ẹ fi etí díẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa fi orí abẹ́rẹ́ ká etí náà sábẹ́ bí ẹ ti ń gún un mọ́ aṣọ ìsàlẹ̀. Níbi tó bá kọ sínú, ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì là á díẹ̀díẹ̀, kó lè ká.

Àwọn ìyá tó ń rán quilt ní Gee's Bend, ní Alabama ní Amẹ́ríkà, aṣọ oko tó ti gbó ni wọ́n fi rán tiwọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Houston sì pàtẹ rẹ̀ lọ́dún 2002. Nítorí náà, ẹ má ní ó dìgbà tí ẹ bá lówó ra aṣọ tuntun ní ọjà Ouando. Bí ẹ ò bá rí òwú títẹ́ rà, bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó mọ́ tó láti fi sí àárín.

Ìrépé tó bọ́ lára aṣọ oníbàárà ńkọ́? Oníbàárà ló ni ín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó kó o. Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ máa mú un lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ, ẹ ká a dáadáa, kí ẹ fi sínú báàgì kan náà pẹ̀lú aṣọ rẹ̀.