Òwú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò: RDA, Squonk, RTA àti Ohun Tó Ń Fa Júùsì

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún kọ́ìlì (wáyà tí a yí po, tó ń gbóná) inú vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ṣe ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ máa ń pààrọ̀ atomizer, ìyẹn orí vape tí kọ́ìlì àti òwú wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó pààrọ̀ òwú. Adùn bà jẹ́, wọ́n ra òmíràn. Júùsì, omi tí vape ń sọ di èéfín, ń jò, wọ́n tún ra òmíràn. Irin kì í sábà jẹ̀bi. Òwú ló ń gbé júùsì lọ síbi tí kọ́ìlì ti gbóná, bí òwú sítóòfù ṣe ń gbé kẹrosíìnì lọ bá iná: bó bá há jù, á gbẹ, á sì jó, bó bá kéré jù, júùsì á kún bo ibi gbogbo. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òwú fi pọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, tàbí tí kò mu sìgá rí, kó jìnnà sí i, torí pé nicotine tètè máa ń di bárakú.

RDA, atomizer tí a ń fọwọ́ kán júùsì sí, ló rọrùn jù láti lóye, nítorí kò ní táńkì. Pèpéle kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí òpó méjì dúró lé. Ẹ óò de ẹsẹ̀ kọ́ìlì mọ́ òpó, ẹ óò ki òwú la inú kọ́ìlì já, ẹ óò tẹ ìrù òwú sínú kòtò ìsàlẹ̀, ẹ óò sì kán júùsì lé e títí gbogbo rẹ̀ á fi rin. Bí ẹ bá ti fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ tún kán an. Gbogbo nǹkan ló hàn sójú, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ ti wọ́ kò ṣòro láti rí. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò bá ẹni tó ń rìnrìn àjò mu: ta ló fẹ́ máa ṣí orí rẹ̀ kó máa kán júùsì sí i lórí ọ̀kadà láti Adó dé Ìkọ̀lé?

Squonk yanjú ìyẹn. RDA náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n dá ihò sí àárín ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìgò rọ́bà tó ń gba nǹkan bíi mílílítà 6 sí 8 sì wà nínú àpótí bátìrì. Ẹ tẹ ìgò, júùsì á gòkè. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tí òwú kò gbà á padà wálẹ̀. Ìtẹ̀ kan, ó pọ̀ jù méjì, ti tó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á rí júùsì tó ń gba ihò afẹ́fẹ́ dà sí i lọ́wọ́.

RTA, atomizer tó ní táńkì tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, òun náà ló sì ń bí wọn nínú jù. Táńkì tó ń gba mílílítà 2 sí 5 yí iyàrá kọ́ìlì ká, júùsì sì ń gba ojú ọ̀nà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ wọlé. Ohun tí kì í jẹ́ kó ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni pé wọ́n ti dé òkè táńkì pa, afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà wọ̀ ọ́ láti òkè. Bí òwú bá fa júùsì díẹ̀, èéhó afẹ́fẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà gòkè lọ dípò èyí tó jáde. Ẹ lè fojú rí i nínú gíláàsì nígbà tí ẹ bá ń fà á. Bí ẹ bá ki òwú há ojú ọ̀nà yẹn, èéhó ò ní ráyè gòkè, júùsì ò ní ráyè wá, ẹ óò sì fa òwú jíjó sọ́fun nígbà tí táńkì ṣì kún. Bí ẹ bá sì fi àlàfo sílẹ̀, kò sí ohun tó ń dí júùsì mọ́, ó di jíjò.

Nítorí náà, ìrù òwú gbọ́dọ̀ bo ẹnu ojú ọ̀nà náà pátápátá, kó jókòó lé e, kó má ṣe rì wọ inú rẹ̀. Ẹ gé ìrù òwú dé etí ìta pèpéle. Ẹ fi ìyarun tàbí orí abẹ́rẹ́ yà á títí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta á fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi júùsì rin ín kí ẹ tó fi ẹ̀mú rọra tì í sáàyè rẹ̀, torí òwú tó ti rin kì í ta padà. Bí ẹ bá fẹ́ rọ júùsì kún táńkì, ẹ ti ihò afẹ́fẹ́ pa ná, ẹ rọ ọ́, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ kodò, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí ihò afẹ́fẹ́. Ìdérí tí ẹ ń yí pa máa ń ti afẹ́fẹ́ mọ́ inú táńkì; bí ẹ kò bá dojú rẹ̀ kodò, júùsì ni afẹ́fẹ́ yẹn á tì jáde.

RDTA, tó pa RDA àti táńkì pọ̀, gbé pèpéle rẹ̀ sókè, táńkì wà lábẹ́, ìrù òwú sì rọ̀ wọ inú júùsì. Bí júùsì bá ti dín sí ìlàjì, ọ̀nà tí òwú máa fi gbé e gòkè ti gùn jù, àfi kí ẹ máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òwú tó rin. Èmi kò rí ohun tó ṣe tí squonk kò ṣe dáadáa jù ú lọ.

Kọ́ìlì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wáyà Kanthal A1, tó jẹ́ àdàlù irin, chromium àti aluminium, ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi oní-26 (gauge 26), tó nípọn tó mílímítà 0.4, yí ọ̀pá mílímítà 3 po lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ óò rí nǹkan bí ohm 0.8, bí ẹ bá so méjì irú rẹ̀ sórí RDA, ó di 0.4. Fún RTA tí a ń fà díẹ̀díẹ̀ bíi sìgá, oní-28 tí a yí lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ọ̀pá mílímítà 2.5 máa fún yín ní nǹkan bí 1.1. Kí òwú tó wọlé, ẹ tan iná díẹ̀díẹ̀ sí i ní watt 10 sí 15, kí ẹ sì máa fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tánganran ra á títí á fi máa pọ́n láti àárín wá sí etí. Ibi tó bá pọ́n ṣáájú àárín ló máa jó òwú yín. Ẹ tún ìdè òpó dè lẹ́yìn tí ooru bá ti kọ́kọ́ mú un, nítorí ó máa ń dẹ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ wáyà mọ́ òpó pẹ́kí, torí bó bá kan ara ìdérí, ó ti bíríìjì nìyẹn.

Ó wá ku òwú fúnra rẹ̀. Òwú tí àwọn ìyá ń ran láyé àtijọ́ fún kíjìpá ṣì wà ní àwọn ibì kan, àwọn kan sì ń rò pé bí ó ṣe jẹ́ ti oko, òun ló mọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìda wà lára òwú tí wọn kò tíì fọ̀, tí kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Ẹ jù ú sínú abọ́ omi, á léfòó. Òwú tí wọ́n ti fọ ìda kúrò lára rẹ̀, irú ti kẹ́míìsì, á rì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó púpọ̀. Ìdánwò kejì ni ti iná: ẹ ya fọ́nrán díẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi pépà, eérú rẹ̀ á fúyẹ́, á sì rọ̀. Bó bá yọ́, tó di hóró dúdú líle, polyester ni, ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ kọ́ìlì. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ tìmùtìmù òde òní àti irun ìdí sìgá náà máa ń yọ́.

Òwú kẹ́míìsì ṣiṣẹ́, àmọ́ fọ́nrán rẹ̀ kúrú, kò sì dọ́gba, adùn òwú sì máa ń wà lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Páàdì òwú Japan dára jù ú lọ: ẹ ṣí awọ ojú méjèèjì rẹ̀ kúrò, ẹ gé e ní fífẹ̀ mílímítà 8 sí 10 fún kọ́ìlì mílímítà 3, kí gígé yín tẹ̀lé ìlà fọ́nrán. Òwú máa ń wú bó bá ti rin. Kó wọ kọ́ìlì pẹ̀lú ìdènà díẹ̀, kó má fa kọ́ìlì lọ. Rayon, tí wọ́n ń fi igi ṣe, kì í wú bẹ́ẹ̀. Ẹ ki rayon le títí kọ́ìlì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀lé e bí ẹ bá ń fà á já. Ó ń gbé júùsì yára ju òwú lọ, kò sì ní adùn tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ni mo yàn fún RTA. Ẹni tó ń sọ pé rayon kò dára sábà máa ń kì í bí ẹni ń ki òwú ni. Okùn silica kì í jó, àmọ́ ó lọ́ra, fọ́nrán gíláàsì sì ni. Èmi ò ní fi í sínú ohun tí mò ń fà símú.

Ojú ọjọ́ wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Júùsì tí VG (glycerin) rẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100 nípọn, òwúrọ̀ ọyẹ́ sì máa ń mú kó nípọn sí i. Òwú tó ń gbé e dáadáa lóṣù kẹrin lè gbẹ lóṣù kìíní. Ẹ dín ìrù òwú kù díẹ̀, tàbí kí ẹ lo ìdajì VG, ìdajì PG (propylene glycol, tó ṣàn ju VG lọ). Lọ́sàn-án gangan nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: júùsì á ṣàn bí omi, afẹ́fẹ́ inú táńkì á gbòòrò, á sì tì í jáde. Kò sí òwú tó lè dá ìyẹn dúró.

Ẹ má da òróró, àdí tàbí epo ewé kankan pọ̀ mọ́ júùsì. Epo kì í di oru bíi VG, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí. Àìsàn tó kọlu àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà ní 2019, àwọn aláṣẹ ìlera níbẹ̀ so ó mọ́ vitamin E acetate, tó jẹ́ irú epo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ júùsì igbó. Júùsì nicotine salt oní-50, ìyẹn mílígíráàmù nicotine 50 nínú mílílítà kan, kò sì yẹ RDA rárá; mílígíráàmù 3 nínú mílílítà kan ti tó, nítorí èéfín rẹ̀ pọ̀.

Ní ti bátìrì, 18650, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àpótí vape ń lò, jẹ́ volt 4.2 bó bá kún. Lórí àpótí tí kò ní ẹ̀rọ ìdáàbòbò, ohm 0.4 á fa ampere 10.5, ohm 0.2 á fa 21, ó sì ti ju ohun tí ọ̀pọ̀ bátìrì lè gbé. Èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, tí wọ́n ń tà fún tọ́ọ̀ṣì, irọ́ ni. Kò sí 18650 kankan tó ń gba tó bẹ́ẹ̀. Bí awọ bátìrì bá ya, ẹ má lò ó mọ́.

Júùsì aládùn máa ń fi èédú bo kọ́ìlì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí adùn bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ yọ òwú, ẹ tan kọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ títí á fi pọ́n ráúráú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi òwú tuntun sí i. Kanthal á gba èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má sun kọ́ìlì nickel tàbí titanium gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí tuntun.