Driver Tí Ẹ Ń Fura Sí Lè Má Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ kernel Linux, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí pé ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èsì mi kì í yí padà: ẹ lọ sí drivers/net (ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tàbí drivers/gpu/drm (ti àwòrán), ẹ wá bug (àṣìṣe kóòdù) kan tí ẹnìkan ti kígbe lé lórí, kí ẹ sì tọpa rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìdí rẹ̀. Apá drivers, àwọn kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ló tóbi jù nínú gbogbo kóòdù kernel. Driver amdgpu, ti káàdì àwòrán AMD, nìkan ju mílíọ̀nù ìlà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ register (àwọn ibi inú chip tí driver ń kọ nǹkan sí) tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ kò lè tán.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ gbà pé ibi tí wàhálà ti yọjú àti ibi tí ó ti wá kì í sábà jẹ́ ibì kan náà. Ìtàn ọdún 2008 ni mo máa ń fi ṣàlàyé èyí, ìgbà tí wọ́n ń múra ẹ̀dà 2.6.27 sílẹ̀.

Àwọn káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Intel tí driver e1000e ń darí ní mẹ́mọ́rì kékeré kan tí a ń pè ní NVM. Inú rẹ̀ ni àdírẹ́sì MAC wà, pẹ̀lú àwọn ètò tí káàdì kò lè ṣe láìsí wọn. Bí àwọn ènìyàn ti ń dán àwọn rc 2.6.27 (ẹ̀dà ìdánwò ṣáájú èyí tó jáde gan-an) wò, wọ́n ṣàdédé rí i pé NVM ti bàjẹ́. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kò dáhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni pípadà sí kernel àtijọ́ kò jí i. Gbogbo ojú yíjú sí e1000e. Ta ni ìbá tún jẹ́? Àwọn distro kan (àwọn tó ń kó Linux jọ fún aráyé lò) tilẹ̀ yọ driver náà kúrò nínú ẹ̀dà ìdánwò wọn. Nígbà tó yá, ìfura kan X server, ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, torí pé láyé ìgbà yẹn òun náà máa ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ tààrà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ̀bi, àwòrán náà kò jẹ̀bi. Ftrace ni, irinṣẹ́ tí a fi ń wo bí kernel ṣe ń ṣiṣẹ́. Ftrace ìgbà náà máa ń kọ àdírẹ́sì function tó bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò padà lọ síbẹ̀ láti yí ìtọ́ni kan padà. Ṣùgbọ́n àwọn kóòdù kan wà tí kernel kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí ẹ̀rọ ń dìde tàbí tí module, apá kernel tí a lè fi kún un nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ń wọlé. Tó bá ti lò wọ́n tán, ó ń gba mẹ́mọ́rì wọn padà, àdírẹ́sì yẹn kan náà ló sì lè fún e1000e láti fi dé NVM rẹ̀. Ó dà bí akunlé kan tó kọ nọ́ńbà ilé sílẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá kùn ún, tí wọ́n wó ilé náà kó tó dé, tí ẹlòmíràn sì ti kọ́ tirẹ̀ síbẹ̀: ó dé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó kùn ún. Ftrace ò tiẹ̀ ṣàì ṣọ́ra. Cmpxchg ló lò, tó máa ń wò ó bóyá ohun tó ń retí ló wà níbẹ̀ kó tó kọ tuntun. Lórí mẹ́mọ́rì gidi, ìyẹn dára. Lórí mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ bíi NVM, kò sí ìdánilójú kankan.

Ẹ̀dà 2.6.27.1, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà, pa CONFIG_DYNAMIC_FTRACE, ètò tó ń jẹ́ kí ftrace yí kóòdù padà bẹ́ẹ̀, tì. Wọ́n tún ọ̀nà tó ń gbà kọ àdírẹ́sì ṣe látìbẹ̀rẹ̀ fún 2.6.28. Àwọn tó ni e1000e náà kò kàn káwọ́ gbera pé kì í ṣe àwa: wọ́n fi patch (àtúnṣe kóòdù) kan sí i tó ti NVM pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sí i láìròtẹ́lẹ̀. Èyí wù mí púpọ̀. Driver tí kò jẹ̀bi náà yẹ kó ní ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá fi log (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel sọ) ránṣẹ́ sí yín, ìsàlẹ̀ ni ojú yóò máa sáré lọ, torí ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí. Òkè ni kí ẹ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Tainted tó máa ń wà lókè call trace (ìtò àwọn function tó pe ara wọn), kí ẹ ka àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. P sọ pé module kan tí olówó rẹ̀ kò fi kóòdù rẹ̀ hàn ti wọlé. O sọ pé module kan wá láti ìta kernel. W sọ pé ìkìlọ̀ mìíràn ti wáyé ṣáájú èyí tí ẹ ń kà. Tí ẹ bá ti rí W, ẹ má tíì ro nǹkan kan, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ wá lọ; bí kò bá sí nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n fún odindi dmesg, gbogbo ọ̀rọ̀ tí kernel sọ. Orúkọ tó bá ní àmì ìbéèrè níwájú nínú call trace kò dájú: kernel kàn bá àdírẹ́sì rẹ̀ lórí stack ni. Bí ẹ bá tọ́jú vmlinux (fáìlì kernel tí ẹ build) tó ní àlàyé debug, scripts/decode_stacktrace.sh yóò sọ gbogbo àdírẹ́sì wọ̀nyẹn di orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà.

Bí síkíríìnì bá dúdú, ẹ má sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹ gba ssh wọlé láti ẹ̀rọ mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó bá a tó ń mí. Bí ssh bá kọ̀, netconsole lè ti máa fi log ránṣẹ́ lórí UDP sí ẹ̀rọ kejì kó tó dákẹ́. Tó bá wá jẹ́ driver nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an lẹ ń lé, netconsole kò wúlò mọ́, serial (wáyà tààrà sí ẹ̀rọ mìíràn) tàbí pstore tó ń pa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel mọ́ kọjá reboot lẹ ó lò. Fún i915, driver àwòrán ti Intel, bí GPU (chip àwòrán) bá há, driver ń tọ́jú ipò tó wà sí /sys/class/drm/card0/error. Ẹ dà á kọ kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn, torí inú mẹ́mọ́rì lásán ló wà. Mo ti rí ìròyìn bug tí wọ́n kọ dáadáa, àmọ́ tí ẹ̀rí kan ṣoṣo tó níye lórí ti bá reboot lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí apá DRM, apá àwòrán nínú kernel, sọ̀rọ̀ sí i, ẹ fi drm.debug=0x1e sórí ìlà tí kernel fi ń dìde, kí ẹ sì fi log_buf_len kún un kí ọ̀rọ̀ má baà ti ara wọn dànù. Ẹnìkan yóò sì wá sọ fún yín pé nomodeset, ọ̀rọ̀ tó ń dí driver àwòrán lọ́wọ́ láti darí síkíríìnì, ti yanjú tòun. Ohun tó ń sọ ni pé nígbà tí driver kò ṣiṣẹ́, bug driver kò yọjú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbólóhùn kan wà tí ẹ ó rí títí yóò fi sú yín: NETDEV WATCHDOG, transmit queue timed out. Kò ju pé kernel kó packet fún káàdì, ó ń retí kí káàdì ní òun ti fi í ránṣẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan títí àsìkò fi kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni àsìkò náà bí driver kò bá yan òmíràn. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ interrupt (ìpè tí ẹ̀rọ fi ń ké sí kernel) tó sọnù. Ó lè jẹ́ ASPM, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀nà PCIe sùn kí iná má baà ṣòfò, tó wá sùn tí kò jí dáadáa. Àwọn chip Realtek tí r8169 ń darí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ driver fúnra rẹ̀ ló dá queue dúró tó gbàgbé láti tún un ṣí. Ẹ máa pa nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ fi pcie_aspm=off tan ẹ̀rọ, ẹ fi ethtool -K pa TSO (iṣẹ́ gígé packet ńlá tí a gbé fún káàdì), ẹ dán an wò lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo òǹkà tó wà nínú ethtool -S pẹ̀lú. Bí ti CRC (packet tó bàjẹ́ lọ́nà) bá ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó ṣí fáìlì kóòdù kankan.

Bí pípa ASPM bá mú wàhálà lọ, ẹ kò tíì tún nǹkan kan ṣe o. Àdúgbò tó ń gbé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá fi patch ránṣẹ́ pé kí a pa á fún gbogbo ayé nítorí bọ́ọ̀dù kan ń jẹ bátìrì àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn kò ṣe nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ rí ló bàjẹ́, git bisect ni ọ̀rẹ́ tálákà. Láàárín ẹ̀dà kan sí èkejì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 tàbí 10, patch tó lé ní 10,000 ló ń wọlé. Bisect ń là wọ́n sí méjì, ó ń là wọ́n sí méjì, nígbà tí ẹ bá fi máa dán bí 14 wò ó ti mú ọ̀kan. Kò bèèrè pé kí ẹ mọ GPU. Ohun tó ń pa á lára ni “good” (ẹ̀dà tí ẹ sọ pé kò ní bug) tí kì í ṣe òótọ́. Bí bug bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ lo kernel fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ sì sọ pé good, irọ́ ni, irọ́ kan ṣoṣo yẹn yóò sì gbé yín lọ sọ́dọ̀ patch aláìṣẹ̀. Nígbà tó bá tọ́ka sí ẹnìkan tán, ẹ mú kernel tuntun, ẹ yọ patch yẹn, ẹ tún un dán wò. Kódà tó bá tọ́ka dáadáa, patch náà lè má ṣe ju pé ó yí àsìkò padà díẹ̀ tí bug tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ fi jáde síta. Àwọn ìgbà kan sì wà tí bisect kò ṣeé ṣe: nínú ọ̀rọ̀ 2008 yẹn, “bad” kọ̀ọ̀kan lè ná ènìyàn ní káàdì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo mọ̀ pé dátà àti iná lẹ ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bisect nílò ìtàn kernel lódindi, clone (ẹ̀dà kóòdù tí ẹ gbé wálé) tí ẹ fi depth 1 ṣe, tí kò ní ìtàn àtẹ̀yìnwá, kò lè ràn yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín git clone, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kernel.org ní fáìlì bundle tí ẹ lè fi wget -c gbé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá ṣe clone látinú rẹ̀. Ẹ so gbogbo ohun tí ẹ ń lò mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ṣe make localmodconfig: yóò yọ gbogbo module tí ẹ̀rọ yín kò lò, bátìrì kan lè wá tó fún build kan. Ní ti laptop tòkunbọ̀ tí ẹ rà ní Computer Village, ẹ má fojú kéré rẹ̀. ThinkPad àtijọ́ tó ní i915 àti e1000e nínú jẹ́ ẹ̀rọ ìdánwò gidi, ẹ̀rọ tuntun ló sì wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ driver.

Bug tó pọ̀ jù tí mo ti bá pàdé nínú driver àwòrán àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ mọ́ àwòrán tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ta ló ṣì ń lo mẹ́mọ́rì yìí, ta ló sì ti dá a padà? Ẹnìkan fa káàdì USB yọ, disconnect dá mẹ́mọ́rì driver padà, iṣẹ́ kan tó ti wà lórí workqueue (ìlà iṣẹ́ tí kernel yóò ṣe tó bá yá) wá dé, ó fọwọ́ kan ohun tí kò sí mọ́. Ẹ ó sọ pé cancel_work_sync, tó ń fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló tún lè fi iṣẹ́ náà sórí queue lẹ́yìn tí ẹ ti fagi lé e? Bó bá jẹ́ interrupt, ẹ kọ́kọ́ dá interrupt dúró. Bó bá jẹ́ timer, òun ni. Àwọn function tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú devm_ náà ń tan ènìyàn. Wọ́n ń tú nǹkan sílẹ̀ fúnra wọn lẹ́yìn tí remove (function tí driver fi ń kógbá wọlé) bá parí, nítorí náà bí ẹ bá gba interrupt pẹ̀lú devm tí ẹ sì fi ọwọ́ yín dá mẹ́mọ́rì tó ń lò padà nínú remove, àlàfo kan wà tí interrupt ṣì lè dé. Ẹ fi KASAN, irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ àṣìlò mẹ́mọ́rì, sínú kernel ìdánwò yín. Ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì, ó sì ń mú ẹ̀rọ falẹ̀, àmọ́ tó bá mú use-after-free (lílo mẹ́mọ́rì tí a ti dá padà), ọ̀nà mẹ́ta ló ń kọ fún yín: ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì náà, ibi tí wọ́n ti gbà á, ibi tí wọ́n ti dá a padà. Ìkẹta ni kí ẹ jókòó tì.

Patch fúnra rẹ̀ máa ń kéré. Ẹ kọ ohun tí ẹni tó ní ẹ̀rọ rí, ẹ kọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ ṣe. Bí ẹ kò bá lè kọ ìdí, ẹ kò tíì parí. Ìlà Fixes, tó ń gba lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà commit (patch tó ti wọ git), gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibi tí bug ti wọlé gan-an, kì í ṣe ibi tó ti fara hàn, torí òun ni àwọn tó ń bójú tó ẹ̀dà stable (kernel tó ti jáde, tó ń gba àtúnṣe nìkan) ń wò láti mọ ibi tí wọn yóò gbé àtúnṣe náà dé. Stable kì í gba ohun tó ju ìlà 100 lọ, kì í sì í gba ohun tí kò tíì wọ igi Linus, ibi ìpamọ́ kóòdù tí Linus Torvalds ń darí. Fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kọ net sí orí àkọlé bó bá jẹ́ àtúnṣe, net-next bó bá jẹ́ nǹkan tuntun, ẹ má sì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ fún ẹni tó mú ìròyìn wá ní Reported-by, bó bá sì bá yín dán an wò, Tested-by. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olùkọ́-kóòdù; ẹ kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ní odindi.

Bí patch bá wọlé, tí ẹnìkan sì kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ òun kò jí mọ́ lójú oorun láti ìgbà tí ó ti wọlé, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ kò bá rí ojútùú kíákíá, ẹ fi revert (patch tó ń yọ tiyín kúrò) ránṣẹ́ fúnra yín kí maintainer, alábòójútó apá náà, tó béèrè fún un.