Kí ẹ tó ra míksà olówó ńlá, ẹ wo swíìṣì àti wáyà yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe sáùńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé dé o. Ìjọ á dáwó jọ, wọ́n á ra míksà tó ní Dante, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ sáùńdì fi ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá wá ku swíìṣì (àpótí tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, kì í ṣe ti iná o) àti wáyà, wọ́n á ní kí ẹnjiníà lọ ra èyí tó bá ṣáà ti wà lọ́jà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wọlé.

Dante yìí, orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà ń lò náà ló ń gba kiri, tó bá jẹ́ gigabit, wáyà tín-ín-rín kan lè gbé ohùn 512 lọ kó tún gbé 512 bọ̀. Ó dùn ún gbọ́ àbí? Ṣùgbọ́n tí WhatsApp bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, kò sẹ́ni tó máa kú, ohùn ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. 1 millisecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ni wọ́n sábà máa ń ṣètò ìdádúró ẹ̀ sí, pákẹ́ẹ̀tì (ègé ohùn tó ń gba inú wáyà) tó bá pẹ́ jùyẹn lọ ti di àdànù, "tá! tá!" ni ìjọ máa gbọ́ nínú sípíkà, wọ́n á sì ní ẹnjiníà ò mọṣẹ́.

Ohun tó tún wà ńbẹ̀ ni aago, èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ máa rìn pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ yẹn á yan ọ̀kan láàárín ara wọn ṣe ọ̀gá, gbogbo ìyókù á máa tẹ̀ lé e bí omele ṣe ń tẹ̀ lé ìyáàlù. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ rí EEE (Energy Efficient Ethernet) sójú nìyẹn, èyí tí wọ́n ń kọ "green" sí lára páálí swíìṣì. Ó máa ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù tòògbé torí àtifi iná pamọ́, kó tó jí, aago ti dàrú. Ẹ ra managed, ìyẹn swíìṣì tẹ́ ẹ lè yí ètò inú ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ lè pa EEE, kẹ́ ẹ sì ṣe QoS ẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kí ohun tó ṣe pàtàkì kọ́kọ́ kọjá: DSCP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sàmì sí pákẹ́ẹ̀tì) 56 fún aago, 46 fún ohùn.

Wáyà wá ńkọ́? Nínú irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Cat5e tó, Cat6 náà dáa, kó má ṣáà ju mítà 100 lọ. Èyí tó ń bí mi nínú ni CCA, álúmínì tí wọ́n fi bàbà bò lára, tí wọ́n á wá kọ Cat6 sí i gàdàgbà. Ẹ mú abẹ, ẹ ha ọ̀kan nínú àwọn okùn inú ẹ̀: bàbà gidi á pupa dénú, tó bá ti funfun lábẹ́, ẹ dá a padà fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń ká a tẹ́ ẹ sì ń tú u ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó máa kán, ìdí orí ẹ̀ ló sì sábà máa ń ti kán, níbi tójú ò ti lè rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo míksà Behringer X32, ihò AES50 yẹn, tó ń gbé ohùn lọ́nà tiẹ̀ tí kì í ṣe Dante, jọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóòótọ́, àmọ́ ẹ má so ó mọ́ swíìṣì, kò ní ṣiṣẹ́. Ààrin míksà sí stage box (àpótí orí pèpéle tí wọ́n ń ki wáyà máìkì bọ̀) ní tààrà ni, wáyà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ shielded, èyí tí wọ́n fi irin bò nínú.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi UPS kékeré sídìí swíìṣì, torí tí wọ́n bá mú iná láàárín ìwàásù, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, swíìṣì tó kú máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí ohùn tó padà, pásítọ̀ á ti máa wo ẹ̀yìn wá sọ́dọ̀ yín.