Kí Kúẹ́rì Tó Dé, àti Lẹ́yìn Tó Bá Dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ọ́fíìsì, àti ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà ìbínú máa ń gbà kọjá. Ìjà ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kúẹ́rì, ìyẹn lẹ́tà tó ní kí òṣìṣẹ́ ṣàlàyé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, jáde. Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá ti ń rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì ń gbé e mì.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbé e mì yé mi. Ọ̀gá lè jẹ́ ẹni ọdún 30, kí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ bàbá ọlọ́mọ tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pátá. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa tó? Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kí ìṣirò yìí wọlé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ fún mi, oníbàárà sì ti bínú. Kí ló fà á?" Ẹ ò pè é ní ọ̀lẹ, ẹ ò sì sọ pé gbogbo ìgbà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ èsì. Nígbà míì, ẹ máa rí i pé ẹlòmíì ló dá iṣẹ́ dúró mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìtìjú ò ní jẹ́ kó gbọ́ ohunkóhun.

Àwọn kan gbà pé èébú ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn 190 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 2019 ka ìwà tó ń ṣe ọkàn òṣìṣẹ́ léṣe mọ́ ìwà ipá àti ìfòòró lẹ́nu iṣẹ́, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2022. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ àti ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. "Ọ̀gá mi kórìíra mi" kì í gbé ẹjọ́ dé ibì kankan.

Bí kúẹ́rì bá wá dé ńkọ́? Ibí ni mo ti rí òṣìṣẹ́ gidi tó ṣubú. Wọ́n á wá pásítọ̀ ọ̀gá tàbí ọmọ ìlú rẹ̀ lọ, kó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá á ní òun ti gbọ́, ara á tu gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í wọ fáìlì. Bí ọ̀gá yẹn bá lọ, ẹni tuntun á ṣí fáìlì, á bá kúẹ́rì níbẹ̀, kò ní bá èsì. Ẹ bẹ̀bẹ̀ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ èsì kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ẹ dáhùn ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tí ẹ jẹ̀bi rẹ̀, ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi. Èyí tí ẹ ò jẹ̀bi rẹ̀, ẹ fi ìwé tì í lẹ́yìn. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹ̀yin ọ̀gá, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, nítorí pé òfin yunifásítì náà ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó lé wọn, wọn ò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ lẹ́tà ìdádúró sílẹ̀ de èsì tí ẹ ò tíì kà. Bí èsì náà bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ìyẹn náà sínú fáìlì, kí ẹ fún òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀dà.